Ọkọ̀ Tó Ga Tó Mi

Ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ búrẹ́dì náà, mo ń fi òòlù kan ikùn rẹ̀ níbi gbogbo. Irin tó yè máa ń dáhùn. Irin tó ti dípẹtà kì í dáhùn, ńṣe ló máa ń gbé ohùn mì. Mo kàn án dé ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, ohùn náà pòórá, èérún pupa sì ya lé mi lójú.

"Ṣíọ̀! Arẹwà tí kò wẹ̀ dé ìsàlẹ̀," mo ní, mo ń nu ojú.

Àmọ́ n kò bínú sí i. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń ṣe káfíńtà inú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó kó adìẹ rí, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì rí, mo ti sọ gbogbo wọn di ilé fún àwọn tí ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ fún mi ní irin pẹlẹbẹ méjì àti ọ̀sẹ̀ kan, màá dí ihò yẹn, màá sì máa dí i lọ́dọọdún bó bá tún lu. Ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan ló lè gbé inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n.

Mo yọ jáde, mo gun inú rẹ̀, mo nàró. Orí mi ò kan nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ kúrú, ọ̀rọ̀ yìí ò lè yé yín. Mo ga. Kì í ṣe gíga tí wọ́n fi ń yin ọmọge, gíga tí àwọn ọmọdé fi ń pe èèyàn ní òpó iná ni. Ọdún mẹ́wàá tí a lò nínú ọkọ̀ tí wọ́n fún wa nígbà ìyànkọ̀ tó kọjá, n kò nàró nínú ilé mi rí. Mo bẹ̀rẹ̀ dáná, mo bẹ̀rẹ̀ wọṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ bá ọkọ mi jà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ bẹ̀rẹ̀ bá ọkọ jà lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí i pé kò sí iyì níbẹ̀. Mo ti búra pé èyí tó ń bọ̀, á ga tó mi. Mo gbé ọwọ́ mi lé òrùlé, omi bọ́ lójú mi, ojú ò sì tì mí.

"Ìyàwó, ṣé ijó lẹ wá jó níbẹ̀ ni?"

Ọ̀gá Oyèníran ni, ẹni tó ń bójú tó Ọgbà Ìyànkọ̀ ti Mọ́níyà, níbi tí ẹbí kọ̀ọ̀kan ti ń yan ọkọ̀ tí wọ́n máa gbé. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ nàka sí òpó gíga tó wà láàárín ọgbà. Òòrùn ti yẹ̀ kúrò láàárín ọ̀run, òjìji òpó náà sì ti ń nà lọ sí ìlà funfun kan tí wọ́n kùn sílẹ̀.

"Tó bá kan funfun, tí ẹ ò tíì tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọkọ̀ kankan, gbogbo ẹbí yín di ti Ògiri tí wọ́n ń fi òkúta mọ dí òkun. Ẹ kú ijó o."

"Mo ti rí èyí tí mo fẹ́," mo dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ n pe àwọn èèyàn mi."

N kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Wúràọlá, ọmọ mi àgbà, fi sáré dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó sì ti ń bá mi mú páákó láti ọmọ ọdún méje. Ó ń mí gúlegúle.

"Màámi, Olójú ti ń wò wá o. Ó ní iye wa ò bára mu."

Olójú ni a ń pe ẹ̀rọ tó wà ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ó fẹ̀ tó àtẹ, orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló dúró lé, ó sì ń rí ọkàn èèyàn bó ṣe ń lù lábẹ́ aṣọ. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn jẹ́jẹ́ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé ju ọmọ púpọ̀ lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, níwájú rẹ̀ ni ìyá ọkọ mi jókòó sí lórí àpótí, ó di ọwọ́ Mosún, ọmọ mi kékeré tó ti pé ọdún márùn-ún, mú.

"Ẹ káàsán o, ẹbí Àjíbóyè," ni Olójú wí. "Ẹ má bínú pé mo dá yín dúró. Nígbà tí Màmá kéde ní ọ́fíìsì, ẹni mẹ́rin ni wọ́n kéde. Mo rí ọkàn márùn-ún níwájú mi báyìí, ọ̀kan sì wà lójú iṣẹ́. Ẹni mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ni àlékún méjèèjì?"

Mosún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. "Ìyá àgbà, Màámi, Wúrà, èmi. Mẹ́rin ni wá níbí!"

"Ọkàn karùn-ún wà nínú ikùn Màámi," ni Olójú dá a lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. "Ẹ kú oríire o."

Haa! Oyún tí mo ti fi pamọ́ fún oṣù mẹ́rin, tí ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀, ẹ̀rọ ló kígbe rẹ̀ láàárín ọgbà. Àwọn ẹbí tó tò sẹ́yìn wa ń wo ikùn mi. Wúràọlá náà ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dá mi lágara.

Mo yíjú sí ìyá ọkọ mi. "Màmá, ẹni mẹ́rin wo lẹ kéde?"

Ó ń wo ilẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin ni òfin ní kó sọ iye wa, torí ẹ̀yin lẹ dàgbà jù. Ìlà kẹrin ni wọ́n kọ sórí káàdì wa, mo rò pé ìlà ọkọ̀ lásán ni, n kò mọ̀ pé iye orí ni. Ẹ ní mẹ́rin fún wọn?"

"Adúnọlá, a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ," ó ní. "Mo yọ ẹnì kan kúrò níbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí etí ayé má baà gbọ́ iye wa."

"Èyí tó wà nínú mi ńkọ́?"

"Ta ní í ka ohun tí kò tíì délé?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àwọn akànìyàn kan wá sílé rẹ̀, ó sì ka ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n yangàn. Kí ọdún tó yípo, omi ńlá gbé márùn-ún lọ, ó ku Gbádébọ̀ tó padà di ọkọ mi. Láti ìgbà náà, bó bá ra iṣu mẹ́ta, á ní méjì lòun rà. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà, Màmá, ọwọ́ yín náà lẹ fi yí ọrùn ẹ̀. Omi jẹ márùn-ún, kò tó yín. Ẹ fẹ́ fi méjì kún un."

Yéè! Ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹ má bi mí bóyá ó dùn mí. Nígbà tí mo ń sọ ọ́, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu ni.

Obìnrin náà rọra sọ̀ kúrò lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. "Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀," ó ní. "Èmi ni àlékún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, èmi lẹ mú."

"Ẹ dìde, Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi," ni Olójú wí. "Ẹni tó kéde kò ṣe é yọ."

Ọ̀gá Oyèníran ti dé ẹ̀yìn wa, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ họ ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti pẹ́ jù. Láyé ọjọ́sí, àwọn arúgbó ni gbogbo ẹbí máa ń yọ. Ògiri kún fún ìyá tí ò lè gbé òkúta. Ṣé òkun máa ń bẹ̀rù ewú ni? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún òfin ṣe. Àgbà ló ń kéde, àgbà ló ni ọkọ̀."

"Ọkọ mi ńkọ́?" mo bi í.

"Ọkọ̀ ìjọba ló ń wà, àbí? Ó wà lọ́nà Ìlọrin báyìí. Orí tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìjọba kì í yọ ọ́." Ó wo àwọn ọmọ mi, bí ẹni tó ń wo ẹran lọ́jà. "Ó ku ẹ̀yin àti àwọn wọ̀nyí. Ẹni méjì ni mo fẹ́. Ògiri ń gba ọmọ láti ọdún márùn-ún. Ọwọ́ kékeré wúlò fún àwọn ihò kéékèèké."

"Ọdún mélòó?"

"Títí ìyànkọ̀ mìíràn. Ọdún mẹ́wàá. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, ọmọ Ògiri ni, kì í kúrò." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ṣe mí lóore. "Àgọ́ funfun wà lẹ́yìn yẹn. Wọ́n lè bá yín yọ ti inú. Kì í pẹ́. Tí ẹ bá jáde, ó ku ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ máa mú nínú àwọn méjì yìí. Ẹ ronú sí i. Ẹ sì máa wo òjìji."

Òjìji kù ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí funfun.

Mo padà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ wà. Wúràọlá tẹ̀ lé mi, ó gbé òòlù mi dání. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, torí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi mọ́ tí mo fẹ́ ṣe ojú ayé fún. Nínú ìrìn yẹn, mo rò ó. Mo ro bí wọ́n ṣe máa mú àwọn méjèèjì lọ, tí èmi á wà nínú ọkọ̀ gíga mi pẹ̀lú ọkọ mi, tí màá sì tún bímọ. Mo ní lọ́kàn mi pé mo ṣì lè bí. Mo rò ó dé àgọ́ funfun, mo rò ó jáde, mo wá ń wo èwo nínú àwọn méjì ni ẹkún rẹ̀ ò ní pa mí. Mo rí i pé Mosún ni mo ń yàn, torí ó kéré, torí mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n tó Wúràọlá. Ìyá ló ń rò bẹ́ẹ̀ o. Ilẹ̀ ò lanu.

"Màámi," Wúràọlá ní lẹ́yìn mi, "mo lè gbé òkúta."

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Mo lágbára. Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ rí."

"Mo ní kí o pa ẹnu ẹ dé, Wúrà!"

Mo gbọ́ ohùn mi, ó le bí ẹni pé ó ṣẹ̀ mí. Mo sì dúró láàárín ọ̀nà, nítorí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka nǹkan tó yẹ kí n ti kà láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni méjì ni wọ́n fẹ́. Èmi nìkan, ẹni méjì ni mí.

Ọkọ̀ mẹ́ta ló kù ní ìlà kẹrin. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ búrẹ́dì mi. Ìkejì kó ewúrẹ́ rí, òórùn rẹ̀ ò ní í tán láyé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń wúkọ́ bí aláìsàn. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ kan tó kó oògùn rí fún ilé ìwòsàn, aláwọ̀ eérú. Láàárọ̀, n kò tilẹ̀ fi ìṣẹ́jú kan wò ó. Mo wọ inú rẹ̀, òrùlé kàn mí níwájú orí, mo bú u, mo jáde. Ojú ibi tó ti gbá mi ṣì ń ro mí.

Báyìí, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo gba òòlù lọ́wọ́ Wúràọlá, mo kàn án níwájú, láàárín, lẹ́yìn, ní ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dáhùn. Ó dáhùn níbi gbogbo, ohùn kan náà, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ̀ lọ láìkérora. Ara rẹ̀ nípọn, nítorí oògùn kì í fẹ́ ooru, ooru ò ní í pa arúgbó nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò fẹ́ káfíńtà ni. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ ìṣó sí abẹ́rẹ́ lè gbé inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

"Wọlé," mo wí fún Wúràọlá. "Nàró."

Ó nàró. Àlàfo wà lókè orí rẹ̀, ó ṣì máa tó o lọ́dún mélòó kan. Ìyá àgbà ti tẹ̀, kò lè kan òkè mọ́. Gbádébọ̀, orí rẹ̀ kò kọjá èjìká mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó gun àpótí kó tó fi òrùka sí mi lọ́wọ́, ó sì gùn ún lóòótọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà á nàró nínú rẹ̀.

"Ibùsùn Ìyá àgbà síbí," mo ní, mo ń fi ìdí òòlù tọ́ka, "kí ẹsẹ̀ wọn súnmọ́ ilẹ̀kùn. Tiyín lókè rẹ̀, ìwọ àti Mosún. Ti Bàbá yín sẹ́yìn awakọ̀. Wáyà gba ibí kọjá, o ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn láé. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, wo igun yìí àti igun yẹn. Páákó tó bá tutù, yọ ọ́, má dúró kó jẹrà. Tún un sọ fún mi."

Ó tún un sọ. Kò gbàgbé nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló bèèrè, "Ibùsùn tiyín ńkọ́?"

"Mo ní o ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ojú wáyà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màámi."

Mo fún un ní òòlù náà. Èèkù rẹ̀ ti jẹ bá ọwọ́ mi mu, ó tóbi jù fún un. Á dàgbà dé ibẹ̀.

Nígbà náà ni ìyá ọkọ mi dé pẹ̀lú Mosún. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń mí, ó wo inú ọkọ̀ náà.

"Adúnọlá, wọ́n ní ọkọ̀ búrẹ́dì lo yàn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní o tiẹ̀ ń jó níbẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rà, Màmá."

"Ṣé ìwọ ò ní lè tún un ṣe ni? Ìwọ tí o..."

Kò parí rẹ̀. Ó wo òrùlé, ó wo gíga mi. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ibi tó wú níwájú orí mi. Mo rí i nígbà tó yé e. Ojú rẹ̀ ṣú.

"Ẹ má sunkún lójú wọn," mo ní. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ mìíràn fún un, ọ̀rọ̀ tó dára. Mo wá a, n kò rí i. Èyí tí mo ti sọ níwájú Olójú ṣì wà láàárín wa, kò sì sí àyè láti yí i kọjá. Òjìji kù ní ìṣísẹ̀ kan.

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Iná aláwọ̀ ewé tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ohùn Olójú jáde láti inú ọkọ̀ náà gan-an.

"Ẹ kú oríire ilé tuntun, Màmá. Mo ti rí i pé ẹni méjì ń kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kó rọrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àwọn tó máa gbé inú rẹ̀, lórúkọ, kó dún ketekete."

Ìyá ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú. "Ṣé dandan ni kí n kà á?"

"Dandan ni, Màmá," ni ẹ̀rọ wí.

"Ẹ kà á," èmi náà wí. "Tí ẹ bá tún yọ ẹnì kan sílẹ̀, wọ́n á gbé e lé ọwọ́ mi. Ẹ kà á dáadáa."

Ó dì mí mú títí ó fi kà á. "Ọ̀kan, Gbádébọ̀. Ìkejì, Wúràọlá. Ìkẹta, Mosúnmọ́lá." Ó gbé itọ́ mì. "Ìkẹrin, èmi."

"Ó pé," ni Olójú wí.

Ọdún méjìlá ni mo ti jẹ́ ìyàwó ilé rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ tó ka èèyàn, kò sì ṣì í.

Wọ́n wọlé. Mosún ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé Màámi ò wọlé ni, Wúràọlá sì ń sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan wáyà. Ilẹ̀kùn yọ̀ lọ, kò kérora, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ pé kò ní kérora. Ọkọ̀ náà wa ara rẹ̀ jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, òjìji sì kan funfun lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá Oyèníran mú mi lọ sí ẹ̀yìn ọgbà níbi tí ọkọ̀ àwọn àlékún wà. Akẹ́rù ńlá ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kó yanrìn. Àwọn obìnrin bí mẹ́jọ àti ọkùnrin kan ti jókòó sínú rẹ̀, wọ́n gbé orí lé orúnkún.

"Ẹ wọlé kí ẹ jókòó, ìyàwó," ó ní. "Ọ̀nà jìn."

Mo gùn ún. Wọn kò fi òrùlé sí i rárá, ojú ọ̀run ló wà lókè. Mo nàró nínú rẹ̀ ṣánṣán.